Iyanrìn Ẹ̀yìn Ọ́fíìsì Ni Mo Kó Sínú Àwọn Àpò Yẹn

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ó ti rẹ̀ mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí wọ́n fi kú, mi ò sì sọ ọ́ fún pásítọ̀ mi rí. Mo ti gbé e pẹ́ débi pé mo rò pé ó ti mọ́ mi lára, bí orúnkún tó ń dunni ṣe ń mọ́ àgbà lára. Àmọ́ orúnkún náà ti kọ̀ báyìí, kò gbé mi mọ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ni pé wọ́n fẹ́ fi irọ́ mi sínú ìwé ìtàn. Wọ́n sì tún fẹ́ fi fọ́tò mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ ohun tó bá wà lọ́kàn yín.

Opó ni mí, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Okokomaiko ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ. Ẹ̀ka kan wà tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa mójú tó ohun tó wà nínú ilẹ̀, ìyẹn òkúta, amọ̀, iyanrìn, àti omi tó wà lábẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà omidan mi. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà, ẹ má bínú. Ọ́fíìsì kọ́ ló ṣẹ̀, èmi ni.

Nígbà tí ẹ̀ka yẹn bẹ̀rẹ̀, kò ju ilé onípáànù kan pẹ̀lú àgbàlá lọ, lọ́nà Ìbà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la fi ń gbẹ́ ilẹ̀ wò, a ní ọkọ̀ akẹ́rù kan tó máa ń fẹ́ kí wọ́n tì í kó tó ṣiṣẹ́, àti àwa òṣìṣẹ́ díẹ̀ tí a jọ ń jẹun lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ará àdúgbò rò pé góòlù là ń wá. Bí wọ́n bá rí i tí a gbé ẹ̀rọ kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ má gbàgbé wa tẹ́ ẹ bá rí i o!" A ò já wọn kulẹ̀. Àwa náà mọ̀ pé ní gbogbo agbègbè wa níbí títí dé etí ọ̀sà, kò sí ju iyanrìn àti amọ̀ lọ. Àmọ́ iyanrìn náà ti tó góòlù. Gbogbo ilé tí ẹ ń wò ní Ajangbadi àti Ìbà yìí, iyanrìn ni wọ́n fi kọ́ ọ, ilẹ̀ ẹnì kan ni wọ́n sì ti wà á.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti wọlé. Bí àwọn oníyanrìn bá fẹ́ wa ilẹ̀ níbì kan, ẹ̀ka wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ́ ibẹ̀ wò. Ọ̀gá wa, tí a máa ń pè ní Ẹnjiníà, ti là á yé gbogbo wa, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀. Wọ́n ní létí ọ̀sà, omi dídùn ló wà lókè, omi iyọ̀ ló wà nísàlẹ̀, amọ̀ dúdú tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni kò jẹ́ kí wọ́n pàdé. Bí a bá rí amọ̀ yẹn níbì kan, kí ẹnikẹ́ni má wa iyanrìn ibẹ̀, torí ẹni tó bá lu amọ̀ yẹn ti ba kànga gbogbo ìlú jẹ́. Bó bá jẹ́ iyanrìn nìkan ló wà níbẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, tí kò sí kànga tó máa bà jẹ́, kí wọ́n máa wà á. Òfin tó rọrùn ni. Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ náà ni Bùrọ̀dá Láṣùn. Ọmọ Ògùn ni wọ́n, wọ́n ga, wọ́n sì máa ń ṣàwàdà. Àbúrò ni wọ́n ń pè mí. Wọn kì í ti ìdí ẹ̀rọ bọ̀ láìmú nǹkan wá fún mi, bóyá ẹ̀pà sísè tàbí àgbọn. Wọ́n tún máa ń mu ẹmu díẹ̀ tí iṣẹ́ bá parí, gbogbo ọ́fíìsì ló sì mọ̀. Ẹ fi ti ẹmu yẹn sọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, torí ẹmu yẹn ni wọ́n padà fi mú wọn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n sá erùpẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń wọlẹ̀, wọ́n á máa kó ohun tó ń jáde sínú àpò kéékèèké, ti òkè lọ́tọ̀, ti àárín lọ́tọ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á so páálí mọ́ àpò kọ̀ọ̀kan kí á lè mọ ibi tó ti wá. Bí wọ́n bá kó o dé àgbàlá, màá tú u sórí páànù, màá tò ó tẹ̀léra bó ṣe jáde nínú ilẹ̀, màá sì máa yí i nínú oòrùn bí ẹni tó ń sá láfún. Tó bá gbẹ, màá kó o padà sínú àpò rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá sá erùpẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò nídìí rẹ̀. Ẹnjiníà máa ń sọ pé ewúrẹ́ kan péré lè yí ìtàn ilẹ̀ padà. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ewúrẹ́ ló yí i padà.

Abúlé kan wà létí omi, tí èèyàn bá kọjá Ọ̀tọ̀-Àwórì. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ojú ń tì mí. Àwọn oníyanrìn fẹ́ ilẹ̀ wọn. Bùrọ̀dá Láṣùn àti àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ gbẹ́ ibẹ̀ wò, wọ́n kó erùpẹ̀ dé, wọ́n sì gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ lọ́jọ́ kejì nítorí iṣẹ́ míì. Mo tú erùpẹ̀ náà sórí páànù. Amọ̀ wà níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi tú u. Ó dúdú, ó ń yọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ pọ̀ jù.

Lásìkò yẹn, èmi àti ọkọ àfẹ́sọ́nà mi ń wá yàrá. Ẹ mọ bí ilé ṣe máa ń ṣòro nígbà tí ẹ bá ń wá a. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi lọ́sàn-án yẹn pé àwọn ti rí yàrá kan ní Okokomaiko, pé bí a ò bá tètè débẹ̀, ẹlòmíì á gbà á. Mo wo ojú ọ̀run, ó mọ́. Ẹnjiníà ò sí ní ọ́fíìsì. Mo ní màá tètè dé. Mo lọ.

Yàrá náà dára. Ó ní fèrèsé méjì. Inú ọkọ mi dùn, wọ́n ra mínírà fún mi, a sì jókòó níwájú ilé onílé à ń sọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà. Ibẹ̀ la jókòó sí tí òjò fi dé. Òjò tí kò kìlọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, mo sáré. Mo fi bàtà mi sọ́wọ́, mo sáré.

Nígbà tí mo máa dé àgbàlá, gbogbo erùpẹ̀ ti di ẹrẹ̀ kan náà. Ti òkè ti wọnú ti ìsàlẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ṣàn lọ sínú gọ́tà. Àwọn páálí ń léfòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa wọ́n nínú omi.

Ẹ wò ó, bí mo bá sọ òtítọ́ lọ́jọ́ yẹn, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Wọ́n á bú mi. Bóyá wọ́n á fún mi ní kúẹ́rì. Ẹ̀rọ á padà lọ gbẹ́ ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí. Ohun tó wà níbẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ro èyí títí ó fi sú mi. Àmọ́ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ nígbà yẹn ni, wọn ò tíì sọ mí di òṣìṣẹ́ pátápátá, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yàrá. Mo rò pé wọ́n á lé mi.

Òkìtì iyanrìn kan wà lẹ́yìn ọ́fíìsì, èyí tí wọ́n fi ń mọ ọgbà. Bùrọ̀dá Láṣùn fúnra wọn ni wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wá. Mo fi ìgbálẹ̀ gbá ẹrẹ̀ dúdú yẹn sínú gọ́tà. Nígbà tí oòrùn yọ lọ́jọ́ kejì, mo bu iyanrìn lórí òkìtì yẹn, mo bu òmíràn lábẹ́ rẹ̀, kó lè dà bíi pé wọn ò jọra. Mo sá a, ó gbẹ. Mo dì í sínú àwọn àpò yẹn, mo sì so páálí mọ́ wọn. Amọ̀ ṣì wà ní èékánná mi nígbà tí mò ń so ó.

Àyẹ̀wò ní iyanrìn ló wà níbẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Ẹnjiníà fọwọ́ sí i. Kí Bùrọ̀dá Láṣùn tó ti Ẹ̀pẹ́ dé, àwọn oníyanrìn ti wọ abúlé. Bùrọ̀dá ò bèèrè nǹkan kan, torí iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, èsì kì í padà sọ́dọ̀ wọn. Èmi náà ṣe ìgbéyàwó. Ọ́fíìsì fún wa ní fáànù.

Omi ò tètè bà jẹ́. Ìyẹn ló tàn mí jẹ. Mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé bóyá amọ̀ yẹn ò ṣe pàtàkì tó bí Ẹnjiníà ṣe ń sọ. Ìgbà tó yá, àwọn obìnrin abúlé náà wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi. Ìyá àgbà kan ló ṣáájú wọn. Wọn ò pariwo. Ìyá náà bu omi sínú ife, wọ́n gbé e sórí tábìlì Ẹnjiníà.

"Ẹ bá wa mu ún wò, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kò séwu."

Ẹnjiníà mu ún. Mo rí ojú wọn. Wọn ò tu ú dànù, wọ́n gbé e mì, wọ́n sì dorí kodò. Ìyá yẹn ní ọṣẹ ò hó nínú rẹ̀ mọ́, pé ewé ẹ̀gẹ́ ti ń pọ́n, pé àwọn ọmọ ń fi kẹ́ẹ̀gì lọ pọnmi lọ́nà jíjìn. Èmi ni mo gbé àga wá fún wọn. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì gbàgbé.

Wọ́n tún ilẹ̀ náà gbẹ́ wò létí ibẹ̀, wọ́n bá amọ̀. Wọ́n wá lọ tú àwọn àpò tó wà ní sítọ́ọ̀, wọ́n bá ìkarahun àti èérún bíríkì nínú wọn. Ta ló máa rí èérún bíríkì nínú ilẹ̀ tí ẹnì kankan ò gbẹ́ rí? Ó hàn pé ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní Bùrọ̀dá Láṣùn ni. Wọ́n ní Bùrọ̀dá ò dé abúlé náà rárá, pé ìdí ẹmu ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n fi iyanrìn ọgbà kún àpò. Àwọn tó bá wọn lọ síbi iṣẹ́ ti gba ibòmíì lọ, kò sí ẹni tó máa jẹ́rìí wọn.

Wọ́n pe èmi náà. Ẹnjiníà bi mí bí erùpẹ̀ náà ṣe rí nígbà tí wọ́n kó o dé ọwọ́ mi.

Mo ní, "Bí wọ́n ṣe kó o wá nìyẹn, sà."

Bùrọ̀dá Láṣùn wò mí. Kò sí ìbínú lójú wọn. Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé ìwọ náà ò rí amọ̀ nínú rẹ̀ ni?"

Mo ní, "Mi ò rí amọ̀ kankan, sà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ti òjò, mo lè ní àṣìṣe ni. Ti iyanrìn, mo lè ní ìbẹ̀rù ni. Àmọ́ ti gbólóhùn yẹn, mi ò rí orúkọ kankan tí mo lè fi pè é tó máa rọrùn létí. Wọ́n lé wọn lẹ́nu iṣẹ́ láìfún wọn ní nǹkan kan. Ìyàwó wọn kó lọ sílé ìyá rẹ̀, kò sì padà. Kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ fún wọn wà mọ́, torí ní ìdí iṣẹ́ wa, ẹni tó bá purọ́ nípa ilẹ̀ kò yàtọ̀ sí dókítà tó fún èèyàn ní májèlé. Mo gbọ́ pé wọ́n ń ṣọ́ geètì fún àwọn èèyàn, pé wọ́n ń gbé ní Ajangbadi, pé wọ́n ti ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun.

Èmi? Wọ́n gbé mi ga. Mo di ẹni tó ń bójú tó gbogbo yàrá tí a ń kó òkúta àti erùpẹ̀ pamọ́ sí. Nígbà tí ẹ̀ka wa kó lọ sí ilé alájà, èmi ni mo to àwọn òkúta sínú àpótí onígíláàsì. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń wá wò ó, èmi sì ni mo ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kúrò nídìí erùpẹ̀ rí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Òjò, oòrùn, mo wà níbẹ̀. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ní ìtọ́jú tó mi. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà míì, ẹ̀rín tí kò dùn.

Ní àìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan wá bá mi nílé. Tósìn lorúkọ rẹ̀. Ọ́fíìsì wa ló rán an. Wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ ẹ̀ka náà, wọ́n sì fẹ́ tẹ ìwé ìtàn rẹ̀. Ẹnjiníà ti kú. Nínú àwa tí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ní èmi nìkan ni wọ́n ṣì rí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan, Bùrọ̀dá Láṣùn ṣì wà láyé.

Ó gbé fóònù rẹ̀ sáàárín wa kó lè gba ohùn mi. Inú mi dùn, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín. Ta ló tún ń gbọ́ ọ̀rọ̀ arúgbó? Mo sọ ti ilé onípáànù, mo sọ ti igi máńgòrò àti àwọn tó rò pé góòlù là ń wá. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní dráífà ẹ̀rọ kan wà tó pààrọ̀ iyanrìn, tó ba omi abúlé kan jẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ọlọ́run ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún mi. Gbogbo ohun tí mo nílò ni kí n wọlé. Mo ṣí ẹnu mi, irọ́ àtijọ́ ló jáde, ó tún bímọ. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mo ní mo ti kìlọ̀ fún un nípa ẹmu. Èmi! Èmi tí mo jẹ ẹ̀pà wọn! Mi ò kìlọ̀ fún wọn nípa nǹkan kan rí. Ọmọ náà mi orí, ó ní, "Hmm, àwọn èèyàn wicked sha."

Nígbà tó padà wá, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí mi létí. Wọ́n ti kọ orúkọ Bùrọ̀dá Láṣùn ní kíkún, àti orúkọ bàbá wọn. Wọ́n pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Fọ́tò mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olùtọ́jú olóòótọ́. Wọ́n tún máa kọ ọ́ sára ògiri ní ẹnu ọ̀nà, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè kà á. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Àmọ́ òtítọ́ tèmi, bóyá arọ ni, torí irọ́ ti débi tí wọ́n ti fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn.

Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Mo gbéra, mo lọ sí Ajangbadi. Mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn títí mo fi rí ilé náà. Mo ti pinnu pé bí mo bá ṣe ń wọlé, màá kúnlẹ̀, màá jẹ́wọ́ kí n tó jókòó.

Bùrọ̀dá Láṣùn jókòó níwájú yàrá wọn, wọ́n wọ sùtánà tó ti gbó, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Gíga yẹn ti tẹ̀. Wọn ò dá mi mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá mi mọ̀, wọ́n pariwo, "Àbúrò!" Wọ́n dìde lórí bẹ́ǹṣì wọn kí n lè jókòó, wọ́n ránṣẹ́ ra píọ̀ wọ́tà tútù fún mi. Mo ti fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n rò pé mo fẹ́ kí wọn ni.

Wọ́n ní, "Inú mi dùn pé o wá. Mo ti ń wá bí màá ṣe rí ẹ kí n tó kú. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi."

Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ sọ tèmi."

Wọ́n ní rárá, àwọn làgbà. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ iyanrìn yẹn. Èmi ni mo ṣe é, Àbúrò. Mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìjọ, wọ́n sì ti gbàdúrà fún mi. Ó ku kí n bẹ ìwọ tí mo fẹ́ fà wọnú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Mo ní, "Bùrọ̀dá, kí lẹ ń sọ?"

Wọ́n wo ẹ̀wà tó wà nínú ọpọ́n. Wọ́n ní, "Ọjọ́ pẹ́ tí mo fi ń bá ara mi jà. Mo máa ń rántí pé mo rí amọ̀. Mo máa ń rí i pé ó dúdú, pé ó lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀rọ. Àmọ́ gbogbo wọn ní kò sí amọ̀. Mo ní bóyá gbogbo wọn ló ń purọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, tó o fi ọwọ́ ara ẹ tú u, o ní o ò rí i. Ìwọ ò sì lè purọ́ mọ́ mi. Mo wá mọ̀ pé èmi ni mò ń purọ́ fún ara mi. Ẹmu ló ṣe é. Ẹmu máa ń jẹ́ kí èèyàn rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí wò. Ẹni yìí gba ẹ̀rí mi gbọ́ ju ojú ara wọn lọ.

Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́, mo fi ọ̀run búra fún yín. Àmọ́ wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti jẹ́wọ́ ni àwọn ti ń sùn. Wọ́n ní ọkàn àwọn ti fúyẹ́. Mo wò wọ́n, mo ní lọ́kàn mi pé bí mo bá sọ òtítọ́ fún wọn báyìí, kí ni mò ń fún wọn? Ṣé kí n sọ fún arúgbó pé iṣẹ́ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, orúkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lọ lórí yàrá onífèrèsé méjì? Mo wá bi ara mi bóyá àánú wọn ló ń ṣe mí tàbí ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn ló tún dé. Mi ò mọ èyí tó jẹ́. Mo já ẹnu píọ̀ wọ́tà náà, mo mu ún.

Nígbà tí mo dìde, wọ́n sìn mí dé ojú títì. Wọ́n ń fi ọ̀pá rìn, wọ́n sì ń ṣọ́ ẹsẹ̀ mi kí n má bàa kọ́ òkúta. Wọ́n ti gbọ́ pé àjọ̀dún ọ́fíìsì ń bọ̀. Wọ́n ní wọ́n sọ fún àwọn pé èmi ni wọ́n máa pè sórí pèpéle láti sọ̀rọ̀. Wọ́n wá gbé ọwọ́ lé èjìká mi.

"Àbúrò, tó o bá débẹ̀, bá mi bẹ̀ wọ́n. Bá mi bẹ àwọn ará abúlé yẹn náà. Sọ fún wọn pé Láṣùn ní kí wọ́n fi orí ji òun. Ìwọ ni wọ́n á gbọ́ tìẹ."

Mo sì sọ pé ó dáa, Bùrọ̀dá. Mo ní màá bá yín bẹ̀ wọ́n.

Àjọ̀dún náà ti sún mọ́lé. Tósìn ti pè, ó ní ìwé ìtàn ò tíì wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, pé bí mo bá ní nǹkan tí mo fẹ́ yí padà, kí n tètè sọ. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ fi òtítọ́ jí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí oorun sùn ní Ajangbadi, tàbí kí n jẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi níwájú gbogbo èèyàn? Ẹ bú mi tó bá yẹ, mo ti ṣetán. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá èyí kan lóhùn kí ọjọ́ náà tó pé: bí mo bá dé orí pèpéle yẹn, tí wọ́n gbé máíkì lé mi lọ́wọ́, tí mo ní kí wọ́n fi orí ji Láṣùn, ta ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún?